Bí Wọ́n Bá Ní Ẹ Ti Sanra

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ ní Orhuwhorun àti gbogbo agbègbè Udu

[Ohùn ìlù wá sílẹ̀.]

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹni tó ti tó oṣù méjì tí ẹ kò rí, tí ẹ wá pàdé lójú títì, lẹ́yìn "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta", kí ni gbólóhùn tó máa ń tẹ̀ lé e?

Mo mọ̀ ọ́n. "Háà, ẹ mà ti sanra o!" Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, a jẹ́ pé "Kí ló ń ṣe yín tí ẹ rù báyìí?" Ọmọ Warri tó bá fẹ́ fi Pijin bá yín ṣeré á ní "You don add o!", á sì na ọwọ́ méjèèjì láti fi hàn yín bí ẹ ṣe fẹ̀ tó.

Onítọ̀hún kò kórìíra yín. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó sanra ni a gbà pé ayé rọ̀ fún; ẹni tó rù ni à ń bi bóyá àìsàn ló ń ṣe é tàbí ọkọ ló ń fìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti délé, iwájú dígí lẹ ó lọ, ẹ ó máa fa aṣọ sókè, ẹ ó máa yíra wo ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rọ̀ tí kò gba ìṣẹ́jú kan lẹ́nu rẹ̀ á wá gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́kàn yín.

Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí láàárọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń fi kojú irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ìfarabalẹ̀ ni mo máa pè é.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ta ló fún wa ní òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara wa? Ilẹ̀ Urhobo la wà. Ẹ lọ bi ìyá àgbà tó wà ládùúgbò yín nípa opha. Ọmọbìnrin tó ti tó ilé ọkọ lọ ni wọ́n máa ń fi sínú yàrá fún ìgbà pípẹ́. Kò ní ṣiṣẹ́ oko, kò ní ru ẹrù. Wọ́n á máa bọ́ ọ, wọ́n á máa fi osùn kùn ún lára, títí ara rẹ̀ á fi kún dáadáa. Lọ́jọ́ tó bá jáde, iyùn á bò ó lọ́rùn àti lọ́wọ́, gbogbo ìlú á sì rí i pé ilé tó ti wá kì í ṣe ilé ìṣẹ́. Àwọn Efik ní Calabar náà ní irú yàrá ìsanra bẹ́ẹ̀. N kò sọ ọ́ láti fi yin ayé àtijọ́ o: abẹ́ dídá wà nínú àṣà opha, òfin àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015 sì ti sọ dídá abẹ́ fún obìnrin di ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé lórí ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí gan-an, ara tó kún ni ẹwà.

Àwa Yorùbá tí iṣẹ́ irin kó wá síbí náà gbé tiwa dání. Adúmáadán la fi ń ki ẹni tó dúdú, apọ́nbéporé la fi ń ki ẹni tó pupa. Èéjì láàárín eyín, ìlà lọ́rùn, ìbàdí tó gba ìlẹ̀kẹ̀, kò sí èyí tí a kò ní oríkì fún.

Ìgbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2001, Agbani Darego, ọmọ Abonnema ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ọmọ ọdún méjìdínlógún, gba adé Miss World ní Sun City, ní South Africa. Òun ni ọmọbìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó gba adé náà. Ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Inú gbogbo wa dùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà, ẹ ó rántí bí ọ̀rọ̀ lẹ́pa ṣe gba ìgboro kan, tí ọ̀rọ̀bọ̀ sì di èébú. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń bẹ̀ kí wọ́n jẹun bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ nù. Lónìí, fóònù ti gbé òṣùwọ̀n mìíràn dé: kí ìdí fẹ̀, kí ikùn tẹ́ pẹrẹsẹ, kí apá má sì tóbi. Àwọn kan ń san owó ńlá fún oníṣẹ́ abẹ l'Ékòó pé kó fa ọ̀rá ikùn àwọn sí ìdí. Ìyá àgbà tó ṣe opha, ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ di lẹ́pa, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń wá ìdí, inú agboolé kan ni wọ́n lè máa gbé ní Orhuwhorun. Ara wo ló fẹ́ bá òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba?

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní Fiji, ní erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì, wọ́n fẹ́ràn ara tó kún bíi tiwa. Tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga níbẹ̀ ní 1995. Dókítà ọpọlọ kan láti Harvard, Anne Becker, fi ìbéèrè wádìí lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé ibẹ̀ lọ́dún náà, ó sì tún padà lọ bi àwọn ẹgbẹ́ wọn ní 1998. Ní 1995, kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ bì kó má baà sanra. Ní 1998, ó ti tó 11 nínú 100. Ọdún mẹ́ta péré.

Níbí, òògùn la máa ń sá lọ bá. Ẹni tó fẹ́ sanra á dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, á ní kí wọ́n fún òun ní cyproheptadine. Òògùn ara yíyún àti imú tó ń ṣomi ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ebi a máa pa ẹni tó bá lò ó. Wọ́n á tún fi dexamethasone kún un. Ti àkọ́kọ́ á máa kun yín lóorun lẹ́nu iṣẹ́. Ti èkejì á mú ojú wú roboto, á gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, á fa ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ó bá sì pẹ́ lára, á sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ẹni tó fẹ́ pupa á ra ìpara tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. NAFDAC kò fàyè gba mákúrì nínú ìpara, nítorí ó ń ba kíndìnrín jẹ́, síbẹ̀ ẹ lọ wo orí tábìlì ọjà. Ojú á pupa, oríkèé ìka á dúdú, àwọn ọmọ ìgboro á sì sọ ọ́ ní ojú Fanta, ẹsẹ̀ Coke. Fela ti kọ orin Yellow Fever láti 1976 láti fi bú àwọn tó ń bóra. A jó orin náà, a sì ń bóra lọ. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé èébú kò lè wo ẹni tó jẹ́ pé èébú ló dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn sàn.

Ó yá, ìfarabalẹ̀. Ní 1979, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts, l'Amẹ́ríkà, fún àwọn tí ìrora kò fi lára sílẹ̀, tí òògùn ti ṣe èyí tó lè ṣe fún. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e wọ ilé ìwòsàn, ó fi ẹ̀sìn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé pásítọ̀ ń gbọ́ mi, ààfáà náà ń gbọ́ mi. Kò sí ère níbẹ̀, kò sí orúkọ tí à ń pè. Ẹ ó kàn kíyè sí ohun tó ń lọ lára yín àti lọ́kàn yín ní ìṣẹ́jú tí ẹ wà nínú rẹ̀ yẹn, ẹ kò ní dá a lẹ́jọ́, bí ọkàn bá sì ti rìn lọ, ẹ ó pè é padà. Ó tán. Ó rọrùn lẹ́nu ju bó ṣe rọrùn lọ́wọ́ lọ.

Balùwẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí mo gbà pé gbogbo wa la ń wẹ̀. Lọ́la, ẹ fi fóònù sílẹ̀ níta. Ẹ gbé omi yín kalẹ̀, kí ẹ má tíì bù ú. Ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ṣé ó tutù? Ibo ló tẹ ilẹ̀ jù nínú ẹsẹ̀ yín, gìgísẹ̀ ni àbí ìdí ọmọ ìka?

[Ìdákẹ́ díẹ̀.]

Ẹ wá bu omi àkọ́kọ́ sí èjìká, kí ẹ máa bá a lọ bó ṣe ń ṣàn gba ẹ̀yìn títí dé ìbàdí. Ẹ rẹ kànìnkànìn sínú omi, ẹ ra ọṣẹ sí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀: kókósẹ̀, ojúgun, ẹ̀yìn orúnkún, itan. Ẹ má sáré. Orí itan tàbí orí ikùn ni ohùn tó ń dá ara yín lẹ́jọ́ sábà máa ń gbé sọ̀rọ̀: "Wo bó ṣe rí. Wo nǹkan tí o dà." Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn sọ nínú yín pé "èrò kan ti dé", kí ẹ padà sídìí kànìnkànìn: ṣé ó ń họ ara, àbí ó ti rọ̀? Ibo ni ìfófòó dé? Ohùn náà á tún wá. Ẹ tún padà. Bó bá wá lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ padà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹni tó ń padà lẹ́ẹ̀mẹwàá ti ṣe é dáadáa, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Irú èrò bẹ́ẹ̀ dà bí oníkẹ̀kẹ́ tó dúró lẹ́bàá títì, tó ń ké "Enerhen! Enerhen!" Ó lè ké títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá lọ sí Enerhen kò ní wọlé.

Ibi tí mo ti rí ohùn yẹn tó lágbára jù ni ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Mo jókòó sí ọ̀kan lójú ọ̀nà Orhuwhorun lọ́jọ́ kan, wọ́n ń wọn aṣọ ẹbí ìsìnkú, àwọn obìnrin kún orí bẹ́ńṣì. Télọ̀ fi téèpù yí ìbàdí ẹnì kan ká, ó sì ké nọ́ńbà sí ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ ọ́ sínú ìwé: "Ìdí, fífítì!" Gbogbo bẹ́ńṣì ló gbọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní oúnjẹ ilé ọkọ ló fà á, kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Nígbà tí téèpù dé ikùn, ó fa ikùn wọlé, ó há èémí mọ́nú, kò mí títí télọ̀ fi tú téèpù. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ irú aṣọ tí wọ́n fi èémí há-há wọ̀n rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lóde: ẹ ó dúró dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ṣeé jókòó, ìrẹsì á sì tutù níwájú yín.

Ohun tí ìfarabalẹ̀ ní kí obìnrin náà ṣe kò le. Kó jẹ́ kí èémí jáde. Kó kíyè sí i pé ojú òun gbóná, pé ọkàn òun ń sáré, pé ìtìjú ti dé. Kó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú náà fún bí èémí mẹ́ta, láìfi ẹ̀rín bò ó. Ìtìjú tí a kò sá fún kì í pẹ́ tó èyí tí a sá fún. Nọ́ńbà tí wọ́n pè yẹn sì wà fún léèsì, kó má baà ya lójú òde.

Ẹ jẹ́ ká padà sí dígí tí mo mẹ́nu bà níṣàájú. Ní 2006, Sherrie Delinsky àti Terence Wilson l'Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin tí ara wọn ń bí nínú. Wọ́n ní kí wọ́n dúró níwájú dígí gígùn, kí wọ́n ṣàpèjúwe ara wọn látorí dé ẹsẹ̀, débi tí ayàwòrán tí kò rí wọn á fi lè yà wọ́n, láìfi ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tàbí ti ìyìn kún un. Ó ran àwọn obìnrin náà lọ́wọ́ ju kí wọ́n kàn jókòó sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn lọ. Bí a bá fẹ́ ṣe é nílé, a kò ní sọ pé "ikùn mi ti bàjẹ́". A ó ní: "Ikùn mi yọ síwájú láti ìsàlẹ̀ ìdodo. Awọ ibẹ̀ rọ̀. Àwọn ìlà wínníwínní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì láti ìgbà oyún, wọ́n dúdú ju awọ tó yí wọn ká lọ." Kí a sì máa bá a lọ sí orúnkún, sí ojúgun, dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í wo ara wa tán. Ibi tó ń dùn wá nìkan là ń wò, a ó sì pa iná yàrá.

Ìwádìí míràn wà tí wọ́n tẹ̀ ní 2015, ti Ellen Albertson àti Kristin Neff. Obìnrin 228 ló kópa. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, kí wọ́n máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè fi ojú àánú wo ara wọn bí wọ́n ṣe ń fi wo ọ̀rẹ́. Ìtìjú tí wọ́n ní nípa ara wọn dín kù, nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò tíì padà sí bó ṣe wà. Bóyá ni ọmọ Udu kan wà nínú wọn o, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n máa kọrin ìfẹ́ sí ikùn ara wọn. Wọ́n kàn dẹ́kun bíbú u ní gbogbo ìgbà.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan á ní ṣebí ìwà lẹwà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ní ọ̀rọ̀bọ̀ níwájú kíláàsì, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ohun tó máa gbọ́ ni pé ẹ ti gbà fún àwọn tó bú u, pé kó lọ fi ìwà dí i. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ná. Ẹ bi í ibo ló ti ń dùn ún lára, ọ̀fun ni, àyà ni, àbí inú? Bó bá ti fọwọ́ kan ibẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìfarabalẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má tíì yí rédíò. Nígbà tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí Delta Steel Company, iléeṣẹ́ irin wa, ní 1982, ara ni wọ́n fi ń mọ ọkùnrin ní àdúgbò wa: ẹni tó lè dúró ti iná ìléru, ẹni tó lè gbé, ẹni tó lè tì. Iléeṣẹ́ náà wá dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ara tó ti ń ti irin wá di ara tó jókòó. Ikùn yọ, apá rọ̀, irun orí ń lọ. Àwọn bàbá yìí kì í sọ ọ́ síta. Ẹ ó kàn rí i pé wọn kì í bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ bí iná bá wà. Fún irú wọn, ìrìn òwúrọ̀ ló dára jù: kí ọwọ́ méjèèjì ṣófo, kí wọ́n máa ka ìgbésẹ̀ pọ̀ mọ́ èémí, kí wọ́n sì mọ ìgbà tí ọkàn bá lọ sí 1985, kí wọ́n pè é wálé.

Ní ti ìkíni tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń fa àìrí-nǹkan-sọ? Ọmọ Yorùbá ní "ẹ kú" fún òjò, fún oòrùn, fún ìrìn, fún ìjókòó, fún ọjà tí kò tà. Aládùúgbò wa Urhobo á kúnlẹ̀, á ní "Migwo", àgbà á dáhùn pé "Vrẹndo", kò sì sẹ́ni tó mẹ́nu ba ikùn ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá wá ní ẹ ti sanra, ẹ mí kan ná, tinútinú, kí ẹ tó fèsì. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní "Ẹ ṣé o. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ á yí síbòmíràn. Nínú ilé, níwájú àwọn ọmọbìnrin yín, ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ nípa ara tiyín nígbà tí ẹ bá ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń gbọ́.

Ìfarabalẹ̀ kò wà fún gbogbo nǹkan. Ẹni tí wọ́n ti fipá bá lò rí, ohun tó ti gbàgbé lè jí nígbà tó bá ń kíyè sí ara rẹ̀. Kó la ojú, kó fọwọ́ kan ògiri, kó dá a dúró, kó má sì dá nìkan ṣe é mọ́. Ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ bì lẹ́yìn oúnjẹ, ẹni tó ti ń febi pa ara rẹ̀ débi tí nǹkan oṣù kò wá mọ́, ẹni tó ń rò ó pé kò sàn kí òun wà láyé, ilé ìwòsàn ni ibi tirẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Delta wà ní Oghara. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Uselu, ní Benin City.

Ẹni tó bá sì ti ń gbé dexamethasone mì láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó má sọ pé nítorí ohun tí òun gbọ́ lórí rédíò, òun á kó o dànù lónìí. Ara rẹ̀ ti lè dẹ́kun ṣíṣe èròjà tirẹ̀ tó jọ òògùn náà. Bó bá já a lójijì, ó lè máa bì, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, kó dákú. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ, kí wọ́n máa dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀. Kó mú páálí òògùn náà dání, bí ojú tilẹ̀ ń tì í, kí dókítà lè ka iye tó wà lára rẹ̀.

[Ohùn ìlù gbòde.]